Ta ló lé sòbìà lọ? Àlàyé lórí bí ìmọ̀ ìlera ṣe ń yé àwọn èèyàn láwùjọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí sòbìà. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa á mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má gbọ́ orúkọ yẹn rí àfi nínú òwe, pé kí sòbìà tó degbò, olúgàńbe là á ké sí. Aràn ni, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó lè gùn tó mítà kan, ó sì máa ń gbé inú ara èèyàn fún bí ọdún kan kó tó wá dá ihò sí ara, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, tí á sì máa ta èèyàn bí iná. Ẹni tó bá ní in ò ní lè rìn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà míì ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ á dúró, ọmọdé ò ní lè lọ síléèwé. Lọ́dún 1986, wọ́n ṣírò ẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 èèyàn ló ń ní in lọ́dọọdún ní Áfíríkà àti Éṣíà. Lọ́dún 2024, gbogbo èèyàn tí wọ́n rí i lára wọn ní gbogbo ayé ò ju 15 lọ.

Ibi tí mo ń lọ nìyí: sòbìà ò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sì sí oògùn kankan tó ń pa á nínú ara èèyàn. Kí ló wá lé e lọ? Wọ́n gbẹ́ kànga tó mọ́ níbi tí agbára ká a, wọ́n da oògùn sínú omi adágún láwọn ibì kan, òótọ́ ni, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn, ẹnu ni wọ́n fi ṣe é. Àlàyé ni. Kí èèyàn lóye ohun tó ń ṣe òun, kó máa fi aṣọ sẹ́ omi kó tó mu ún, kó má sì ki ẹsẹ̀ tí aràn ti ń yọ bọ inú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n sì yan àwọn tó ń ṣe àlàyé yẹn láàárín wọn.

Mo ń sọ èyí torí pé tí wọ́n bá ti dárúkọ ìlanilọ́yẹ̀ lórí ìlera, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni kí ẹnì kan dúró síwájú pẹ̀lú makirofóònù, kó máa to orúkọ àrùn, ká pàtẹ́wọ́ fún un, ká lọ sílé. Ìyẹn kọ́ ló lé sòbìà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe le tó láti ṣàlàyé. Omi tí èèyàn mu lónìí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí aràn tó yọ. Ta ló fẹ́ rántí omi tó mu lọ́dún tó kọjá? Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe gbà pé wọ́n bí i mọ́ àwọn ni, pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, tàbí pé ẹnì kan ló rán an sáwọn, èrò yẹn ò sì jẹ́ ti òmùgọ̀ rárá, torí lójú ẹni tó ń wò ó, kò sí nǹkan tó so omi pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé "omi yín ló ń ṣe yín", á wò yín lójú pé omi tí bàbá òun àti bàbá bàbá òun mu dàgbà kẹ̀? Torí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ò fi ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bu omi adágún yẹn sínú ife tó mọ́ gaara, wọ́n á gbé e sókè síbi tí oòrùn wà, wọ́n á ní ẹ wá wò ó. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa ẹ máa rí àwọn nǹkan kéékèèké tó ń fò sókè sódò nínú ẹ̀, ẹ máa kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ni, àmọ́ ìdọ̀tí kì í dá rìn. Wọ́n á wá fi aṣọ sẹ́ omi yẹn sínú ife kejì, wọ́n á tún gbé ìyẹn náà sókè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, orí aṣọ ni gbogbo wọn kù sí. Inú àwọn kòkòrò omi yẹn ni ọmọ sòbìà máa ń wà, èèyàn á gbé e mì mọ́ omi, kòkòrò á kú sínú ikùn, ọmọ aràn á jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ẹni tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí ife méjèèjì yẹn, kò dìgbà tẹ́nì kan bá ń lé e kiri kó tó sẹ́ omi, òun gan-an ló máa lọ ki ìyàwó àbúrò ẹ̀ nílọ̀.

Òun ni mo ṣe gbà pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ará àdúgbò kì í ṣe pé kó mọ orúkọ gígùn gbọọrọ. Kó mọ bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni, kó sì mọ bí àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Àṣẹ tí wọ́n bá pa fún èèyàn láìsọ ìdí ẹ̀, ọjọ́ tí ẹni tó pa á ò bá sí nítòsí ló máa parí.

Ara màmá kan ni mo ti kọ́ èyí. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, mo múra dáadáa, mo ya àwòrán ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀, mo sọ nọ́ńbà, pé tó bá ti ń jẹ́ 140 lórí 90 lọ sókè ká ṣọ́ra, gbogbo wọn ń mi orí, mo rò pé ó ti yé wọn. Nígbà tá a parí, màmá yìí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tú ọ̀rá kékeré kan ní etí aṣọ wọn, oògùn wọn ló wà níbẹ̀, ó kù bí ìdajì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, orí kì í fọ́ mi mọ́, àyà mi kì í já mọ́, ẹ̀jẹ̀ mi ti rọlẹ̀, mo ń tọ́jú ìyókù yìí de ìgbà tó bá tún ru." Ara mi tutù. Gbogbo nǹkan tí mo ti ń sọ láti wákàtí kan, mi ò sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù, pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ṣe èèyàn ní nǹkan kan tó lè fi mọ̀ pé ó wà lára òun. Orúkọ tá à ń pè é gan-an ń ṣì wá lọ́nà, torí nǹkan tó bá ń ru, ṣebí ó yẹ kí èèyàn mọ̀ ọ́n lára ni. Nínú ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2021, àgbàlagbà tó lé ní bílíọ̀nù kan ló ní in lágbàáyé, àwọn tí ò sì mọ̀ pé àwọn ní in fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn.

Mo jókòó ti màmá. Mo ní, mà, tí afẹ́fẹ́ inú taya bá ti pọ̀ jù, ṣé taya máa ń pariwo? Wọ́n ní rárá o, ó kàn máa bẹ́ lọ́jọ́ kan ni. Mo ní báwo ni dírẹ́bà ṣe máa ń mọ̀ kó tó bẹ́? Wọ́n ní wọ́n máa ń fi nǹkan wọ̀n ọ́n. Wọ́n wá dákẹ́. Wọ́n wo ọ̀rá yẹn lọ́wọ́ wọn. "Áà. Ṣé oògùn yìí ló ń dín afẹ́fẹ́ yẹn kù ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ojoojúmọ́ ló ń dín in kù, tẹ́ ẹ bá dá a dúró á tún kún padà, ẹ ò sì ní mọ̀. Gbogbo ẹ̀ ò gbà wá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wákàtí kan tí mo ti fi ya àwòrán ò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Taya yẹn, mi ò bá a nínú ìwé kankan, ohun tí màmá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo lọ gbé ọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àwọn ibi tó máa ń dojú rú fún èèyàn. Èyí tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé àwọn onísáyẹ́ǹsì ò dúró sójú kan, lónìí wọ́n á ní ẹ ṣe báyìí, lọ́la wọ́n á ní ẹ má ṣe é mọ́, ta la wá fẹ́ gbà gbọ́? Mo mọ bó ṣe ń káni lára. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìtàn kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn dókítà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń gba àwọn ìyá níyànjú pé kí wọ́n máa da ọmọ jòjòló dojú bolẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ ẹ sùn, pé tó bá bì, èébì ò ní há a lọ́fun. Ó bọ́gbọ́n mu létí, àbí? Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó sùn tí wọn ò jí mọ́, tí wọn ò rí àìsàn kan lára wọn, wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ wọn sùn wé ti àwọn ọmọ tó wà láàyè, wọ́n sì rí i pé dídojú bolẹ̀ yẹn ló pọ̀ jù lára àwọn tó kú. Wọ́n kéde ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1991, Amẹ́ríkà náà kéde ẹ̀ lọ́dún 1994, pé ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ máa tẹ́ ọmọ lé o. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, irú ikú òjijì yẹn dín kù ju ìdajì lọ láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ká ní wọ́n ti ní ohun táwọn ti sọ làwọn ti sọ ni ńkọ́, kí ojú má baà ti àwọn? Àwọn tó yí ọ̀rọ̀ wọn padà yẹn ni mo gbà pé wọ́n ṣeé fọkàn tán, torí wọ́n kà, wọ́n rí i, wọ́n sì sọ ọ́ síta.

Kì í wá ṣe gbogbo nǹkan ló ń yí bẹ́ẹ̀ o. Pé àjẹsára ló lé ìgbóná, ìyẹn ṣọ̀pọ̀nná, kúrò láyé, tí ẹni tó ní in kẹ́yìn láàárín ìlú jẹ́ lọ́dún 1977 ní Sòmálíà, tí WHO sì kéde lọ́dún 1980 pé ó ti tán pátápátá, kò sí ìwádìí kankan tó máa wá yí ìyẹn. Pé kòkòrò tójú ò rí ló ń fa kọ́lẹ́rà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Èyí tó máa ń yí ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, tó jẹ́ ìwádìí kan ṣoṣo, lórí èèyàn díẹ̀, tí rédíò wá gbé e bíi pé ó ti parí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìròyìn ìlera, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ìwádìí mélòó ló ti sọ ohun kan náà, ìdajì ìdàrúdàpọ̀ á ti kúrò níbẹ̀.

Nọ́ńbà náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà lè jẹ́ òótọ́ pátápátá kó sì ṣi èèyàn lọ́nà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lóṣù kẹwàá ọdún 1995 gan-an nìyẹn. Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ààbò oògùn níbẹ̀ kìlọ̀ pé àwọn oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan tó jẹ́ tuntun máa ń sọ ewu ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì! Ìwé ìròyìn gbé e, tẹlifíṣọ̀n gbé e, ẹ̀rù ba àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ da oògùn nù lọ́sẹ̀ yẹn. Kí ló wá di ìlọ́po méjì? Nínú àwọn obìnrin 7,000 tó ń lo ti tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ni ẹ̀jẹ̀ á dì lára ẹ̀. Nínú 7,000 tó ń lo tuntun, ẹni méjì. Ẹnì kan ló lé, nínú ẹgbẹ̀rún méje. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣírò ẹ̀ pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní England àti Wales fi nǹkan bíi 13,000 lé sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni oyún fúnra ẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ju bí oògùn yẹn ṣe ń ṣe lọ. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú gbogbo wọn. Wọ́n kàn sọ "ìlọ́po méjì" láìsọ méjì nínú mélòó. Torí ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní nǹkan kan fi ìdá báyìí lé tàbí ó di ìlọ́po báyìí, ẹ dá a dúró, ẹ ní kó fi èèyàn kà á fún yín: nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn, mélòó ló ń ṣẹlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, mélòó ló ń ṣẹlẹ̀ sí báyìí? Ìbéèrè yìí ò nílò ìwé mẹ́wàá, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè bèèrè ẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní àdúgbò wá ni "mo lò ó, ó ṣiṣẹ́ fún mi". Ká sọ tòótọ́, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kì í purọ́, ó lò ó, ara ẹ̀ sì yá. Àmọ́ ẹ wo ọ̀fìnkìn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ara fúnra ẹ̀ ló ń lé e lọ, bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá ló sábà máa ń lò. Ìgbà wo lèèyàn máa ń wá nǹkan lò sí i? Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, ìgbà tó bá le jù. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá lò lọ́jọ́ kẹrin, ì báà jẹ́ omi lásán, lọ́jọ́ kẹjọ ara yín á ti yá, nǹkan yẹn á sì gba orúkọ. Ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ fi máa ń pín èèyàn sí ọ̀nà méjì, wọ́n á fún àwọn kan ní oògùn, wọ́n á fún àwọn yòókù ní èyí tó jọ ọ́ tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èyí tó gbà, wọ́n á wá wo apá tí ara wọn tètè yá. Tí ara àwọn méjèèjì bá yá lọ́jọ́ kan náà, oògùn yẹn ò ṣe nǹkan kan, bó ti wù kí ẹni tó lò ó jẹ́rìí tó. Ọ̀rọ̀ yìí ń pa èèyàn o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Antibiotics ò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan, bakitéríà ló ń pa, àmọ́ torí "ó ṣiṣẹ́ fún mi" a ń gbé e mì sí ọ̀fìnkìn, àwọn bakitéríà tó wà lára wa tẹ́lẹ̀ á sì máa kọ́ bí wọ́n á ṣe borí ẹ̀. Lọ́dún 2019, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ni wọ́n ṣírò pé àrùn tí antibiotics ò ràn mọ́ pa lágbàáyé.

Ṣé kéèyàn kàn ti mọ̀ ti wá tó? Rárá, orílẹ̀-èdè Bangladesh ní Éṣíà ló sì fi ìyẹn hàn wá jù. Láti ọdún 1980 sí 1990, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ BRAC kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n kọ́ wọn, wọ́n rán wọn lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n lọ kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbẹ́ gbuuru fúnra ẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń pa ọmọ, omi tó ń bá a jáde lára ni. Tẹ́ ẹ bá wá fún un lómi lásán, ìfun ò ní lè fa púpọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ iyọ̀ àti ṣúgà jọ máa ń gba ojú ọ̀nà kan náà wọ inú ara, tí wọ́n bá ti ń wọlé báyìí, omi á tẹ̀ lé wọn. Torí ẹ̀ ni ṣúgà fi wà níbẹ̀, kì í ṣe torí kó dùn. Tí kò bá sí ORS nítòsí, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti dì pọ̀ tẹ́lẹ̀ fún pípo, lítà omi kan tó mọ́, ṣíbí ìmùtíì mẹ́fà ṣúgà tí wọ́n fá ojú ẹ̀ dọ́gba, ìdajì ṣíbí ìmùtíì iyọ̀, ẹ má fi iyọ̀ lé e o, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọ. Tí ọmọ bá sì ti ń rẹ̀ jù, tí kò lè mu nǹkan, tí ojú ẹ̀ ti jìn wọnú, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ má jókòó ti omi yìí nìkan, ọsibítù lẹ máa gbé e lọ.

Ti BRAC rọrùn jù bẹ́ẹ̀: iyọ̀ tí ìka mẹ́ta lè ṣá, ṣúgà ìrèké ìkúnwọ́ kan, omi bí ìdajì lítà. Olùkọ́ ò kàn ní sọ ọ́ kó máa lọ, ìyá yẹn gbọ́dọ̀ po ó lójú ẹ̀. Tó bá yá, ẹlòmíì á padà wá sí díẹ̀ nínú àwọn ilé yẹn, á ní kí ìyá sọ ohun tó rántí, iye tí ìyá bá rántí ni wọ́n fi ń ṣírò owó olùkọ́! Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, pé kì í ṣe iye ilé tí olùkọ́ wọ̀ ni wọ́n ń wò, ohun tó kù sórí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tó ti lọ ni. Agboolé tí wọ́n dé lé ní mílíọ̀nù méjìlá.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé àwọn ìyá rántí ẹ̀ dáadáa, wọ́n lè po ó, wọn ò kàn lò ó tó bó ṣe yẹ. Kí ló fà á? Àkọ́kọ́, wọn ò bá àwọn ọkọ sọ nǹkan kan, àwọn ọkọ ò sì gbà pé iyọ̀ àti ṣúgà lè jẹ́ oògùn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nínú àwọn olùkọ́ fúnra wọn, àwọn kan wà tí ò gbà á gbọ́, tọ́mọ tiwọn bá ń yàgbẹ́ nílé, nǹkan míì ni wọ́n ń lò. Ẹni tí ò bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu ara ẹ̀ gbọ́, àwọn èèyàn máa ń rí i lójú ẹ̀. Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n ṣàlàyé fún àwọn olùkọ́ bí nǹkan yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, wọ́n pe àwọn ọkùnrin jọ lọ́jà àti ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n gbé e sórí rédíò. Ìgbà yẹn ni lílò ẹ̀ tó gbéra.

Ti Ebola tún wà níbẹ̀, èyí tó jà ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone láàárín 2014 sí 2016, tó mú èèyàn tó lé ní 28,000, tó sì pa èyí tó lé ní 11,000. Lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta ni pé Ebola ò gbóògùn. Òótọ́ ni nígbà yẹn. Àmọ́ ẹ fi ara yín sípò ẹni tó gbọ́ ọ, tí ìyá ẹ̀ ń gbóná lórí ẹní. Tí kò bá gbóògùn, kí ni mo fẹ́ gbé ìyá mi lọ fún àwọn àjèjì tó wọ aṣọ bojú-bomú fún, kó lọ kú síbi tí mi ò ti ní rí i? Ilé ló máa fi ìyá ẹ̀ sí, á máa tọ́jú ẹ̀ fúnra ẹ̀, àrùn á sì ran gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n ti tètè sọ ni pé ẹni tó bá tètè dé ibi ìtọ́jú, tí wọ́n ń fún lómi tí wọ́n sì ń tọ́jú, ó ṣeé ṣe kó yè ju ẹni tó jókòó sílé lọ. Ti òkú náà bẹ́ẹ̀: wọ́n ń di òkú sínú báàgì, wọ́n ń gbé e lọ, ẹbí ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, làwọn èèyàn bá ń fi òkú pamọ́. Nígbà tí wọ́n wá gbà kí ẹbí dúró níbẹ̀, lókèèrè díẹ̀, kí àlùfáà ṣàdúrà, kí orúkọ wà lórí sàréè, fífi òkú pamọ́ yẹn dín kù. Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ kórìíra sáyẹ́ǹsì. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ohun tó ń dùn wọ́n ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tàbí tẹ́ ẹ kàn jẹ́ ẹni tí àwọn ará ilé máa ń fi ìròyìn ìlera orí WhatsApp ránṣẹ́ sí pé "ṣé òótọ́ ni?", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa bi èèyàn pé "ṣé ó yé yín?" Bẹ́ẹ̀ ni lẹ máa gbọ́, torí ọ̀wọ̀. Ẹ bi wọ́n pé tẹ́ ẹ bá délé tí wọ́n ní kí lẹ gbọ́, kí lẹ máa sọ? Ibi tó bá ti wọ́ ni àlàyé yín ti wọ́, ẹ tún un ṣe. Tó bá jẹ́ irọ́ ni ìròyìn yẹn, ẹ má tún un pín pé ẹ fẹ́ tú u fó, òótọ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ohun téèyàn kọ́kọ́ kà ló máa ń dúró sí i lórí. Tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa mú ìdáhùn wá.

Ẹ má sì rò pé ọ̀dọ̀ onímọ̀ nìkan ni ìmọ̀ ti ń wá. Lọ́dún 1854, kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ̀nù, ó pa èèyàn tó lé ní 600 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dókítà kan, John Snow, ní omi ni, pé ẹ̀rọ omi tó wà ní Broad Street ló ń pa wọ́n, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń rùn ni àwọn àgbà onímọ̀ ìgbà yẹn gbà pé ó ń fà á. Henry Whitehead, àlùfáà ìjọ tó wà ní àdúgbò yẹn, ò gba Snow gbọ́ rárá, ó ní òun máa fi hàn pé irọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn ọmọ ìjọ ẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ó lọ sọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó lé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, torí wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n ń sọ ohun tí wọn ò lè sọ fún àjèjì. Bó ṣe ń bi wọ́n lọ, ó ń rí i pé ẹni tó mu omi yẹn ló ń kú jù. Òun gan-an ló wá rí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀: ọmọ jòjòló kan ní ilé nọ́ńbà 40, tó ya ìgbẹ́ gbuuru kó tó kú, ìyá ẹ̀ fọ aṣọ ìdí ẹ̀, ó da omi ẹ̀ sí kòtò ẹ̀gbin iwájú ilé. Wọ́n gbẹ́ kòtò yẹn wò. Kò jìnnà sí kànga ẹ̀rọ omi ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, bíríkì ẹ̀ sì ti jẹrà, ẹ̀gbin ń jò lọ sínú kànga.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi yẹn kúrò torí ohun tí Snow sọ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, bàbá ọmọ yẹn náà dùbúlẹ̀ kọ́lẹ́rà, ìyàwó ẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ẹ̀gbin sínú kòtò iwájú ilé.